Ẹ Bi Mí, Ká Jọ Rò Ó: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ọkàn Òun Ń Tan Òun?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà wá lẹ́yìn odi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àwọn kan fi WhatsApp ránṣẹ́, àwọn kan kọ ọ́ sórí bébà fi rán ọmọ, bí mo ṣe ń tú wọn wò ni mo rí i pé márùn-ún nínú wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ ọ́ ò mọra wọn rárá. Kálukú ló ń béèrè pé báwo lòun ṣe ro nǹkan tó jẹ́ pé nígbà tó máa fi yọ síta, ibi tóun rò kọ́ ló gbà. Mo ní kí n kó wọn pọ̀ sójú kan lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mi ò ní sáré e.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, ìyá mi ló fà á lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún ń bọ̀, ó dá mi lójú pé àwọ̀ ọsàn làwọn èèyàn máa rà, mo bá kó owó tó lé ní 400,000 náírà lé e, aṣọ yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nígbà tí mo wá ń sọ pé èmi náà ti fura tẹ́lẹ̀ pé kò ní tà, àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní “Sìsítà mi, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ ní ó máa tà wàràwàrà.” Ó dùn mí, torí pé lóòótọ́ mo rántí pé mo fura. Àbúrò mi ní tọ́jà bá tà màá ní mo mọ ọjà, tí ò bá tà màá ní ìlú ló le, pé n kì í kọ́gbọ́n. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí ọkàn mi ń tàn mí? – Aláàdìrẹ, Ìtòkú*

Ọmọ mi, mo kí ẹ, mo sì kí àbúrò ẹ, oore ló ṣe ẹ. Àwọn àgbà wa ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Bí ìpàkọ́ ṣe rí gan-an lèrò ọkàn rí, ẹni tó gbé e sórí ni ò lè rí i.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé o purọ́ o. Ohun tó o rántí lo sọ, wàhálà ibẹ̀ ni pé ìrántí yẹn fúnra ẹ̀ ti yí padà kó tó jáde lẹ́nu ẹ. Jẹ́ n sọ kinní kan fún ẹ. Lọ́dún 1972, Richard Nixon tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn fẹ́ lọ sí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, ìrìn-àjò tí gbogbo ayé ń wò. Kó tó gbéra, àwọn olùwádìí méjì ní Ísírẹ́lì, Baruch Fischhoff àti Ruth Beyth, to oríṣiríṣi nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, bóyá Nixon máa fojú kan Mao tó jẹ́ olórí Ṣáínà tàbí kò ní fojú kàn án, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kí kálukú kọ nọ́ńbà sílẹ̀, bó ṣe dá a lójú tó pé ó máa ṣẹlẹ̀. Nixon lọ, ó bọ̀. Wọ́n tún pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà, wọ́n ní ẹ rántí nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní nọ́ńbà tó ga làwọn kọ, ó sì ga ju èyí tí wọ́n kọ lóòótọ́ lọ. Èyí tí ò ṣẹlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí òpùrọ́ kankan láàárín wọn. Ọkàn èèyàn ni ò dà bí ìwé tí wọ́n ti kọ tán, tó bá ti gbọ́ èsì, á yọ́ padà lọ tún ọ̀rọ̀ àná ṣe, kò dẹ̀ ní sọ fún ẹ pé òun tún un ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ò fi ṣeé ṣe fún ẹ láti kọ́gbọ́n, ó jọ pé ibi tí àbúrò ẹ ń tọ́ka sí nìyẹn. Ọgbọ́n wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò le. Ra ìwé ẹ̀kọ́ kan, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, má kọ ọ́ sórí fóònù torí fóònù máa ń sọnù, ó sì rọrùn láti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ náwó sórí ọjà, kó o tó náwó o, kọ déètì, kọ ohun tó o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kọ bó ṣe dá ẹ lójú tó nínú mẹ́wàá, kó o wá kọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì. “Mo rò pé kí oṣù tó parí màá ti ta ogún nínú aṣọ yìí, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, torí pé obìnrin mẹ́ta ló béèrè ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.” Ó tán. Pa ìwé dé. Tóṣù bá parí, ṣí i, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀, má yí ti òkè padà.

Tó o bá ti ní bí ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ìwé yẹn, ṣa gbogbo èyí tó o kọ mẹ́jọ sí jọ. Tó bá jẹ́ pé nínú mẹ́wàá tó o pè ní mẹ́jọ, márùn-ún péré ló rí bó o ṣe wí, a jẹ́ pé mẹ́jọ ẹ, márùn-ún ni. O ti wá mọ ìwọ̀n ara ẹ nìyẹn. Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí l'Amẹ́ríkà ti ń fi irú nǹkan yìí wọn ara wọn tipẹ́, ọdún 1950 ni Glenn Brier tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún un ní máàkì. Tí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀, àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í fi ọjọ́ kan dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n á kó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pè ní àádọ́rin jọ, wọ́n á wá wò ó bóyá nínú mẹ́wàá méje lòjò rọ̀.

Èmi náà ti ń ṣe é, ìwé mi ti di ẹ̀kẹta. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: tó bá dọ̀rọ̀ iye tí nǹkan máa di lọ́jà, mo máa ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ èèyàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, gbogbo mẹ́sàn-án tí mò ń kọ yẹn, kò yẹ kó ju mẹ́fà lọ. Ká ní mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, títí màá fi dàgbà kú ni màá máa sọ pé mo mọ èèyàn lójú.

Ó ku ti “mo mọ ọjà” àti “ìlú ló le.” Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ tó o ń dá yìí ìwọ lolùpẹ̀jọ́, ìwọ lẹlẹ́rìí, ìwọ náà ladájọ́. Peter Wason, olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé nọ́ńbà mẹ́ta síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọdún 1960 ló gbé èsì ẹ̀ jáde: 2, 4, 6. Ó ní òfin kan wà tó so wọ́n pọ̀, ẹ máa mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta wá, màá máa sọ bóyá ó bá òfin mu, títí òfin yẹn fi máa dá yín lójú. Ohun tó wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn ni pé méjì méjì ni wọ́n fi ń lé sí i. Wọ́n mú 8, 10, 12 wá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. 20, 22, 24, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Irọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n. Òfin yẹn ò ju pé kí nọ́ńbà kejì ju ti àkọ́kọ́, kí ẹ̀kẹta ju ti kejì lọ, 1, 2, 3 bá a mu, 5, 90, 700 náà bá a mu. Mẹ́fà péré nínú wọn ló gbà á lẹ́ẹ̀kan láìkọ́kọ́ ṣì í. Àwọn yòókù ò dẹ̀ ya òmùgọ̀ o, ìbéèrè tí wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló máa jẹ́ ìdáhùn ẹ̀ ni wọ́n ń bi, wọn ò bi èyí tó lè já èrò wọn nírọ́.

Nígbà tó o fẹ́ ra àwọ̀ ọsàn yẹn, ta lo bi? Mo lérò pé àwọn tó o rí tí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lo bi. Lọ́jọ́ mìíràn lọ bá kọ́sítọ́mà tó máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ ra aṣọ aró lọ́dọ̀ ẹlòmíì, bi í pé kí ló dé tí ò rà lọ́wọ́ ẹ. Ìdáhùn ẹ̀ lè má dùn o. Kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Charles Darwin, onímọ̀ ẹranko àti ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ohun tó sọ nípa ara ẹ̀ ni pé tóun bá ti rí nǹkan tó ta ko èrò òun, kíá lòun máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ti rí i pé irú ẹ̀ máa ń yára fò lọ lórí ju èyí tó gbè lẹ́yìn òun lọ.

Màá sọ ti èmi fún ẹ, mi ò kì í sábà sọ ọ́. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí mò ń gbé ní Ìbarà, 15,000 náírà sọnù nínú yàrá mi. Ọmọ kan wà nílé kejì tó máa ń bá mi jíṣẹ́, ọmọ dáadáa, ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Láti ọjọ́ náà gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń jọ ti olè lójú mi. Tó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, màá ní ó ń fi bojú ni. Tí ò bá kí mi, màá ní ojú ń tì í. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, ṣùgbọ́n mi ò pè é rán níṣẹ́ mọ́, ìyá ẹ̀ sì fura. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo fẹ́ lọ síbi òkú kan l'Áké, bí mo ṣe tú ìró tí mo fẹ́ ró báyìí lowó já bọ́. Mo lọ bẹ ọmọ yẹn níwájú ìyá ẹ̀. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò wọlé mi mọ́ títí mo fi kó kúrò ládùúgbò. Owó yẹn, mo ti ná an tipẹ́. Ti ọmọ yẹn ṣì wà lára mi.

Ohun tí mo wá ń ṣọ́ lára mi látìgbà yẹn ni pé: tó bá kí mi ó jẹ̀bi, tí ò kí mi ó jẹ̀bi. Nígbàkígbà tí mo bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń gbè lẹ́yìn èrò mi, mo mọ̀ pé mo ti dákẹ́ wíwò, mo kàn ń dájọ́ ni. Ọjà tà, mo mọ ọjà, ọjà ò tà, ìlú ló le. Ṣé o rí i pé ọ̀kan náà ni?

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láfún àti gààrí ni mò ń tà ní Láfẹ́ńwá. Ọjọ́ tí mo bá ti fẹsẹ̀ òsì kọ láàárọ̀, ọjà kì í tà. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ó sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fojú ara mi rí i ńkọ́? – Ìyá Elélùbọ́*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ má bá bàbá jà. Kò yẹ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, torí ohun tẹ́ ẹ rí lẹ rí. Ohun tẹ́ ẹ ò rí ni mo fẹ́ ká jọ wá.

Oríṣi ọjọ́ mẹ́rin ló wà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kọ tọ́jà ò tà, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kọ tọ́jà tà, ọjọ́ tẹ́ ò fẹsẹ̀ kọ tọ́jà ò tà, ọjọ́ tẹ́ ò fẹsẹ̀ kọ tọ́jà tà. Ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló máa ń pariwo. Lọ́jọ́ tọ́jà bá tà tẹ́ ẹ ń ka owó, ta ló máa rántí ọmọ ìka ẹsẹ̀? Ìlú wa tiẹ̀ ni Abẹ́òkúta, abẹ́ òkúta la tẹ̀dó sí látìgbà Ṣódẹkẹ́, òkúta wà lójú ọ̀nà káàkiri, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣọjà tó lérè ló kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Francis Bacon, ará Ìlú Ọba, tún ìtàn àtijọ́ kan sọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1620. Wọ́n mú ọkùnrin kan lọ sínú tẹ́ńpìlì, wọ́n fi àwòrán àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi wọn rì, tí wọn ò sì kú hàn án, wọ́n ní ṣé o ti wá gbà báyìí pé àwọn òrìṣà lágbára? Ọkùnrin yẹn ní, àwòrán àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n sì bómi lọ ńkọ́, ibo lẹ yà á sí?

Torí náà ẹ ṣe é lóṣù kan. Lálaalẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ fẹsẹ̀ kọ tàbí ẹ ò fẹsẹ̀ kọ, kí ọmọ yín tó ń bá yín ṣírò owó máa kọ iye tẹ́ ẹ tà sínú ìwé tiẹ̀, ẹ má sọ ti ẹsẹ̀ fún un o, ó ṣe pàtàkì. Tóṣù bá pé kẹ́ ẹ gbé ìwé méjèèjì síra wọn. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kọ, báwo lẹ ṣe máa ń jókòó sídìí ọjà? Ṣé ẹ máa ń pe oníbàárà, àbí ẹ máa ń káwọ́ gbera ní “ọjọ́ òní náà kọ́”? Torí ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ yẹn ń ba ọjà jẹ́, ṣùgbọ́n ojú yín ló ń gbà kọjá.

*Télọ̀ ni mí ní Pánṣẹ́kẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà ti sọ mí lórúkọ, “Fúráìdè” ni wọ́n ń pè mí, torí gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní ẹ wá gbà á ní Fúráìdè, tó bá dọjọ́ náà kò ní tíì parí. Mi ò fẹ́ parọ́ o. Nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, ó máa ń dá mi lójú. Kí ló ń ṣe mí?*

Ohun tó ń ṣe ẹ ń ṣe gbogbo wa. Nígbà tí kọ́sítọ́mà dúró níwájú ẹ, tó o ní Fúráìdè, aṣọ yẹn lo rí lọ́kàn: màá gé e lónìí, màá rán an lọ́la, màá fi bọ́tìnnì sí i lọ́túnla. Ní ibi tó o ti ń rí i yẹn, iná ò lọ, ọmọ iṣẹ́ ò ṣàìsàn, òkú ò ṣẹlẹ̀ sáwọn kan tí wọ́n máa sáré kó aṣọ ẹbí wá bá ẹ. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣẹlẹ̀.

Ní Kánádà, Roger Buehler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógójì tó ń kọ iṣẹ́ àṣejáde wọn sọ ọjọ́ tí wọ́n máa parí ẹ̀. Wọ́n pè é ní bí ọjọ́ 34. Àwọn olùwádìí yẹn tún bi wọ́n pé ká ní gbogbo nǹkan wá dojú rú pátápátá ńkọ́? Wọ́n ní bí ọjọ́ 49. Nígbà tí wọ́n máa ṣe é, bí ọjọ́ 56 ló gbà wọ́n. Wò ó dáadáa o, èyí tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n fọkàn sí ibi pàápàá ò tó ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n gbé èsì yìí jáde.

Nítorí náà má wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ mọ́. Wo márùn-ún tó o rán kẹ́yìn tó jọ ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n kó o wá, ọjọ́ wo ni wọ́n gbà á lọ? Kọ ọ́ sára ògiri ibi tó o ti ń gé aṣọ. Tí bùbá àti ìró bá ń gbà ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kó o sọ, kódà tọ́kàn ẹ bá ń pariwo pé tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ọkàn ẹ ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àwọn márùn-ún yẹn ló gbọ́ ọ. Àwọn kan máa gbé aṣọ wọn lọ síbòmíì o, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó bá dúró ò ní pè ẹ́ ní Fúráìdè mọ́.

*Mo máa ń ka nóòtù mi lẹ́ẹ̀mẹrin, ó máa ń yé mi yékéyéké, tí mo bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò kò ní sí ńkankan. Ṣé wọ́n ń ṣe mí ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀bàntokò*

Rárá, ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ojú ẹ ló mọ ìwé yẹn. Tó o bá rí ojú ìwé lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti dà bí ojú ará àdúgbò, o máa rò pé o mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ o ò mọ orúkọ ẹ̀. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán an wò l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2006: àwọn kan tún ìwé kà, àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti yí padà, àwọn tó pa ìwé dé rántí bíi 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà rántí bíi 42. Kà á lẹ́ẹ̀kan, pa á dé, sọ ọ́ fún ògiri. Ibi tẹ́nu ẹ bá ti há, ibẹ̀ gan-an lo ò tíì mọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá olóòtú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ṣe fáńdéṣọ̀n ilé sórí ilẹ̀ kan ní ìta ìlú, omi máa ń ya wọbẹ̀ tó bá dìgbà òjò. Ọmọ mi ní kí n tà á, kí n fowó ẹ̀ ra ilé kékeré tó ti parí n'Ídì-Abà. Mo ní ṣé kí gbogbo owó tí mo ti rì sílẹ̀ yẹn wá ṣòfò ni? Èmi àti ìyá wọn la jọ rà á kó tó di olóògbé. Ọmọdé kò kúkú lè gbọ́n ju àgbà lọ. Ẹ bá mi dá sí i.*

Ẹ kú àtijọ́ o, bàbá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹni tó ti pé àádọ́rin tó ṣì ń bi èèyàn léèrè bóyá òun ronú rẹ̀ dáadáa, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, torí náà mi ò ní sọ pé ọmọ yín ló tọ̀nà, mi ò sì ní sọ pé ẹ̀yin ni.

Owó tó ti wọlẹ̀ yẹn, bàbá, ó ti lọ. Bẹ́ ẹ bá tà á ó ti lọ, bẹ́ ẹ bá kọ́ ọ ó ti lọ. Ó máa ń dun ọkàn láti gba èyí, kì í ṣe ti àgbà nìkan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ síwèé lọ́dún 1962 pé àwọn máa jọ ṣe bàálù Concorde tó yára ju ohùn lọ, owó ń lọ, owó ń lọ, wọ́n ti rí i pé kò ní mú owó yẹn padà wá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ná ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Mẹ́rìnlá péré ló kó èrò fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, 2003 ni wọ́n fi gúnlẹ̀ pátápátá. Ìjọba ńlá méjì pẹ̀lú gbogbo àwọn onímọ̀ ìṣirò wọn nìyẹn o.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín nìyí, ẹ dá jókòó kẹ́ ẹ tó dáhùn: ká ní ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín, ká ní owó tí wọ́n máa fi rà á lónìí lẹ mú dání, tí ẹnì kan wá ní bàbá, ilẹ̀ kan rèé, fáńdéṣọ̀n wà lórí ẹ̀, omi máa ń ya wọ̀ ọ́, ṣé ẹ máa fowó yín rà á? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pe bíríkìlà tó mọ iṣẹ́, kó ṣírò fún yín láti ibi tó wà yìí dé òrùlé, àti ohun tó máa ná yín láti lé omi yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé Ìdì-Abà.

Ṣùgbọ́n bàbá, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn kan ló dá mi dúró. Ẹ ní ẹ̀yin àti ìyá lẹ jọ rà á. Ẹ sọ ọ́, ẹ sì yára kọjá lórí ẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti àgbà. Mo lè ṣì í o, ṣùgbọ́n ó jọ mí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọkàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó dùn ún gan-an á gbé e sẹ́yìn, á wá to owó àti ẹ̀tọ́ síwájú kí wọ́n máa bá òun jà. Tó bá jẹ́ pé torí ìyá lẹ ò ṣe lè ta ilẹ̀ yẹn, ìdí gidi nìyẹn, kò kéré sí owó rárá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè é. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tẹ́ ẹ kọ ìdáhùn sí, “Mi ò fẹ́ tà á torí pé ìyá àwọn ọmọ mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú mi lọ́jọ́ tá a rà á.” Kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ilé ló yẹ ká kọ́ síbẹ̀ torí ẹ̀, àbí igi ọsàn méjì tẹ́ ẹ lè gbìn síbi tí omi ò dé nínú apá kan tẹ́ ò ní tà.

Ẹ fi ìwé yẹn han ọmọ yín. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ owó yìí, ó lè má tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí.